Alágbẹ̀dẹ, Irin Ẹṣin àti Bìlísì: Ta Ni Wọ́n Tàn Jẹ Nínú Àlọ́ Òyìnbó?



Ewì kan tí Òyìnbó kọ ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò lọ́tẹ̀ yìí. A mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé, kí ni ewì Òyìnbó ń wá nínú ìwé Ifá? Ẹ fún wa láyè díẹ̀. Ewì náà kan sáárá sí àlọ́ àtijọ́ kan, àlọ́ alágbẹ̀dẹ tó fi ọgbọ́n mú ẹni tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "devil". Àlọ́ dídùn ni; ọmọdé á rẹ́rìn-ín, àgbà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí irú àlọ́ bẹ́ẹ̀ bá dé ilẹ̀ wa, tí olùkọ́ tàbí oníwàásù bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, orúkọ tó máa ń yá wọn lẹ́nu láti pe ẹni tí wọ́n fi ẹ̀mú fà nímú náà ni Èṣù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ọmọ awo tó jókòó ní kíláàsì á gbọ́ pé wọ́n tan Èṣù jẹ, wọ́n kan ìṣó mọ́ Èṣù lẹ́sẹ̀, Èṣù sì ń ké bí ọmọdé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á délé, á bá bàbá rẹ̀ níwájú ojúbọ, tó ń ta epo sí yangí. Èwo ni kó gbà gbọ́ nínú méjèèjì?

A fẹ́ tọpa ọ̀rọ̀ yìí láti ìdí rẹ̀. A ó wo ewì náà, a ó wo àlọ́ tó bí i, a ó wo bí "devil" ṣe di Èṣù nínú ìwé. Lẹ́yìn náà, a ó bi Ifá léèrè: ta ló wà ní àyè yẹn nínú ìtàn tiwa?

EWÌ NÁÀ ÀTI ÀLỌ́ TÓ BÍ I

Orúkọ akéwì náà ni Edward G. Flight. Ẹni tó ya àwòrán sínú ìwé rẹ̀ ni George Cruikshank (1792–1878), ògbólógbòó ayàwòrán tó ya àwòrán inú Oliver Twist ti Charles Dickens. Òun kan náà ló ya àwòrán sínú àlọ́ àwọn ọmọ ìyá Grimm nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ túmọ̀ wọn sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1823. Ìwé ewì Flight rí èrò débi pé ẹ̀dà rẹ̀ kẹta jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1871. Ewì apanilẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó fẹ́ sọ: ó fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń kan irin pátákò ẹṣin mọ́ òkè ilẹ̀kùn wọn kí ibi má baà wọlé.

Ẹni tí ewì náà ń yìn ni Dunstan. Ẹni gidi ni Dunstan, kì í ṣe ẹni inú àlọ́ lásán. Òun ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ìlú Canterbury láti nǹkan bí 960 títí ó fi kú ní 988. Wọ́n ní ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ púpọ̀, ó ń rọ irin, ó ń rọ wúrà. Nítorí èyí ni àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe fi í ṣe alábòójútó wọn. Títí di 1660, ọjọ́ ọdún rẹ̀, tíí ṣe ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún, ni wọ́n ń pààrọ̀ àmì ọdún tí wọ́n ń tẹ̀ sára wúrà àti fàdákà.

Báyìí ni àlọ́ náà lọ. Dunstan wà nídìí iná àgbẹ̀dẹ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ni arẹwà obìnrin kan bá wọlé tọ̀ ọ́ wá. Bó ti ń fi ẹ̀rín fà á lójú mọ́ra, ó tajú kán rí pátákò lábẹ́ aṣọ rẹ̀. Kò wí nǹkan kan. Ó ki ẹ̀mú bọ iná títí ó fi pọ́n, ló bá fi mú imú àlejò náà pinpin. Ní Mayfield, ní agbègbè Sussex, ẹ̀mú kan wà tí wọ́n ń fi han àlejò pé òun gan-an nìyẹn.

Apá kejì àlọ́ náà ni ewì Flight gbé dání jù. Onípátákò yìí tún padà wá, ó ní kí Dunstan bá òun kan irin mọ́ ẹsẹ̀ bí wọ́n ti ń kàn án mọ́ tẹṣin. Alágbẹ̀dẹ mọ̀ ọ́n. Ó kan ìṣó náà dé ibi tí ẹran ẹsẹ̀ wà. Ìrora mú un, ó ké, ó bẹ̀bẹ̀. Dunstan ní òun ò ní yọ ọ́ àfi tó bá ṣe àdéhùn pé òun ò ní wọ ilé tí irin ẹṣin bá wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ mọ́. Nínú ewì náà, ìwé àdéhùn gidi ni wọ́n kọ, pẹ̀lú èdè àwọn lọ́yà, ẹlẹ́sẹ̀ pátákò sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó wá jẹ́ pé ẹni ibi yìí, èké tó jẹ́, kò lè yẹ àdéhùn tó bá ti fọwọ́ sí.

Àwọn tó mọ ìtàn ṣọ́ọ̀ṣì dáadáa ti ṣe àkíyèsí kan. Ìwé ìtàn ayé Dunstan tó lọ́jọ́ lórí jù, tí ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní B. péré kọ ní nǹkan bí ọdún 1000, kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ẹ̀mú. Inú ìwé tí Osbern ará Canterbury kọ ní ìparí ọ̀rúndún kọkànlá ni ẹ̀mú ti yọjú. Ti irin ẹṣin tún wá lẹ́yìn ìyẹn. Ṣé ẹ rí i? Bíṣọ́ọ̀bù ti kú tipẹ́ kí wọ́n tó gbé àlọ́ wọ̀ ọ́ bí agbádá. Àlọ́ náà ti wà lẹ́nu àwọn èèyàn; ó kàn ń wá alágbẹ̀dẹ olórúkọ tó máa dé lé lórí ni.

ÀLỌ́ TÓ DÀGBÀ JU ṢỌ́Ọ̀ṢÌ LỌ

Àlọ́ alágbẹ̀dẹ àti ẹni ibi yìí tàn ká Yúróòpù. Àwọn ọmọ ìyá Grimm tẹ ọ̀kan lára rẹ̀ nínú ìwé àlọ́ Jámánì tí wọ́n gbé jáde ní 1812. Egungun àlọ́ náà kò yí padà púpọ̀ láti ìlú dé ìlú. Alágbẹ̀dẹ kan bá ẹni ibi ṣe àdéhùn: ẹni ibi á fún un lágbára, tí àkókò bá tó, á wá mú un lọ. Alágbẹ̀dẹ á gba agbára pé ohunkóhun tí òun bá fẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ohun mìíràn, kó lẹ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ pé, ẹni ibi dé. Alágbẹ̀dẹ á ní kó gun igi kan tàbí kó jókòó sórí àga kan, á sì lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Kò ní tú u sílẹ̀ àfi tó bá gbà láti fi òun sílẹ̀.

Ní 2016, olùwádìí méjì, Sara Graça da Silva àti Jamshid Tehrani, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí àlọ́ bí 275 láàárín àwọn ẹ̀yà tí èdè wọn bá ara wọn tan láti Íńdíà dé Yúróòpù. Wọ́n lo irú ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá fi ń tọpa ìdílé ẹranko, wọ́n sì sọ pé àlọ́ alágbẹ̀dẹ yìí ṣeé ṣe kó ti wà láti ayé ìgbà tí wọ́n ń fi idẹ ṣe irinṣẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rí ìgbà tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ ò dá wọn lójú. A ò sí níbẹ̀ láti ṣe onídàájọ́ wọn.

Ohun tó ṣe pàtàkì fún àwa ni ohun tí gbogbo wọn fara mọ́: ẹni tí wọ́n ń tàn jẹ nínú àlọ́ yìí kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Níbì kan, Bìlísì ni. Níbòmíràn, àǹjọ̀nnú ni. Níbòmíràn sì rèé, Ikú ni. Nínú ìwé àwọn ọmọ ìyá Grimm kan náà, àlọ́ mìíràn wà tí atatẹ́ kan ti há Ikú mọ́ orí igi fún ọdún méje, tí ẹnikẹ́ni ò sì kú láyé ní gbogbo ìgbà náà. Ìyẹn ni pé àyè kan wà nínú àlọ́ náà, ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ ló ń yàtọ̀. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì gba Yúróòpù, "devil" ló jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. A ó padà sí i.

BÍ "DEVIL" ṢE DI ÈṢÙ

Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè yìí, ìrìn àjò ló rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní èdè Hébérù, "satan" túmọ̀ sí alátakò, ẹni tó dìde sí ni lẹ́jọ́. Nínú ìwé Jóòbù, Sàtánì wà láàárín àwọn tó ń wá jíṣẹ́ níwájú Ọlọ́run. Ó rìn káyé, ó wo ìwà èèyàn, ó padà wá rò. Nígbà tí àwọn Júù túmọ̀ ìwé wọn sí èdè Gíríìkì ṣáájú ìbí Jésù, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi rọ́pò "satan" ni "diabolos", tó túmọ̀ sí abanijẹ́. Láti Gíríìkì ó bọ́ sí Látìn, láti Látìn ó di "devil" lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì. Ní gbogbo ibi tó yà sí, ó ń kó ẹrù kún ẹrù. Ìgbà tó fi máa di ọ̀rúndún mọ́kànlá tí Osbern ń kọ̀wé, òṣìṣẹ́ tó ń jíṣẹ́ níwájú Ọlọ́run ti di ọ̀tá Ọlọ́run pátápátá. Kó tó di ayé Flight, wọ́n ti fún un ní ìwo, wọ́n ti fún un ní pátákò.

Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni àwọn míṣọ́nnárì gbé dé ilẹ̀ wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ náà jù ni Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ ní 1822, tó sì dàgbà sí Freetown. Ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ó tún fẹ̀ ẹ́ ní 1852. Òun àti àwọn bí Thomas King ni wọ́n jọ ń túmọ̀ Bíbélì ní ẹsẹẹsẹ, títí odindi Bíbélì fi pé ní Yorùbá ní 1884. Nínú Bíbélì yìí, ibi tí ìwé Hébérù ti sọ "satan", gẹ́gẹ́ bí ti Jóòbù, wọ́n fi orúkọ náà sílẹ̀: Sàtánì. Ṣùgbọ́n ibi tí ìwé Gíríìkì ti sọ "diabolos", bíi níbi tí wọ́n ti dán Jésù wò nínú Máttéù orí kẹrin, Èṣù ni wọ́n fi síbẹ̀. Ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí CMS tẹ̀ ní Èkó ní 1913 náà tẹ̀lé ọ̀nà yìí. Nígbà tó yá, àwọn tó túmọ̀ Kùránì sí Yorùbá náà bá a lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n fi èṣù pe "shaytan".

A kò fẹ́ bú Crowther. Ẹni tó bá ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ rí mọ̀ pé iṣẹ́ náà ò rọrùn. Òǹkàwé ní láti gbọ́ ohun tí ìwé ń wí, orúkọ tó mọ̀ ló sì máa gbọ́ kíákíá. Crowther rí òrìṣà kan tí àwọn èèyàn ń bẹ̀rù, tó máa ń dá ìjà sílẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo ìlú, ó sì lò ó. Ohun kan ni a ó sọ síbẹ̀ láìfi bọpobọyọ̀: ọ̀rọ̀ mìíràn wà nílẹ̀. Kí míṣọ́nnárì Kìrìsìtẹ́nì tó kọ́kọ́ dé Àbẹ́òkúta ní ìparí 1842, ẹ̀sìn Ìmàle ti pẹ́ láàárín wa, ó sì ti mú Bìlísì wá. Láti inú "Iblis" ti èdè Lárúbáwá ni Bìlísì ti wá. Àwọn onímọ̀ èdè Lárúbáwá ní ìtumọ̀ rẹ̀ kan ìsọ̀rètínù. Àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù púpọ̀ ní "diabolos" ti Gíríìkì yìí gan-an ló yí padà di "Iblis". Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé "devil" àti Bìlísì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, wọ́n kàn gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá sílé ni. Àlejò ti ní orúkọ tirẹ̀ kó tó dé. Kí ló dé tí wọ́n fi gba fìlà onílé dé e lórí?

TA LÓ WÀ NÍ ÀYÈ YẸN NÍNÚ IFÁ?

Ẹ jẹ́ ká padà sí àyè tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn. Nínú àlọ́ Òyìnbó, ẹnì kan wà tó ń bọ̀ wá gba ẹ̀mí èèyàn, ọmọ èèyàn á sì fi ọgbọ́n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé a ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nínú Ifá? A ní i, ó sì pọ̀. Àmọ́ ẹni tó ń bọ̀ wá gba ẹ̀mí níbẹ̀ kì í ṣe Èṣù rárá.

Àwọn awo mọ̀ pé Ajogun wà, àwọn ọ̀tá ọmọ èèyàn. Àwọn olórí wọn mẹ́jọ ni Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà, Ọ̀ràn, Èpè, Ẹ̀wọ̀n àti Èṣe. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ba ayé èèyàn jẹ́, kò sì sí ohun tí a fi ń bá wọn wíjọ́ ju ẹbọ lọ. Tí a bá ń wá ẹni tó jọ ẹni tí alágbẹ̀dẹ há mọ́ orí igi, ẹsẹ̀ àwọn wọ̀nyí ni ká tọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ ìtàn inú Òyẹ̀kú Méjì nípa aya Ikú. Ikú ń dààmú aráyé. Àwọn tó ń wá ọ̀nà àbáyọ kò lọ bá Ikú fúnra rẹ̀ jà. Aya rẹ̀ ni wọ́n tọ̀ lọ. Obìnrin náà ló tú àṣírí èèwọ̀ ọkọ rẹ̀ fún wọn, pé àwọn oúnjẹ kan wà tí ọkọ òun bá fi kan ẹnu, agbára rẹ̀ dópin. Eku wà níbẹ̀, ẹja wà níbẹ̀, ẹyin pẹ́pẹ́yẹ wà níbẹ̀. Ohun wọ̀nyẹn ni wọ́n fi rúbọ, Ikú sì yà fún wọn. Ẹ wò ó dáadáa: ọgbọ́n ni wọ́n fi borí Ikú, bí alágbẹ̀dẹ ṣe fi ọgbọ́n borí Bìlísì. Ohun tí èèyàn mọ̀ nípa ọ̀tá rẹ̀ ló fi mú un. Ní ti egungun ìtàn, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni méjèèjì.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ibi tí Èṣù ti wọlé. Nínú àlọ́ Òyìnbó, alágbẹ̀dẹ nìkan ló wà, òun àti ìwé àdéhùn. Kò san nǹkan kan; bó ṣe máa yẹ owó sílẹ̀ gan-an ni dídùn àlọ́ náà. Nínú Ifá, ẹbọ gbọ́dọ̀ rú, ẹbọ tó rú gbọ́dọ̀ dé ibi tó ń lọ, Èṣù ló sì ń gbé e débẹ̀. Ipín tirẹ̀ máa ń yọ nínú ẹbọ gbogbo. Ojú tí wọ́n gbẹ́ sí etí ọpọ́n Ifá, tí awo ń kọjú sí nígbà tó bá ń tẹ Odù, ojú Èṣù là ń pè é. Àárín èèyàn àti Ajogun ló dúró sí. Tẹ́ni bá rúbọ, á ní kí Ajogun yà lọ́nà. Tẹ́ni bá kọ̀, kò ní dí wọn lọ́wọ́.

Ní kúkúrú, nínú ìtàn tí èèyàn ti bọ́ lọ́wọ́ Ikú, Èṣù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó bọ́. Ẹni tó bá wá fi orúkọ Èṣù pe ẹni tí alágbẹ̀dẹ tàn jẹ ti mú ẹlẹ́rìí, ó ti fi í sí àyè ọ̀daràn.

ṢÉ A LÈ TAN ÈṢÙ JẸ?

Àwọn kan á ní, "Ẹ ti gbé Èṣù ga jù. Ṣebí òun náà ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́ méjì?" Ìbéèrè tó dáa ni, a ò sì gbọdọ̀ sá fún un.

Ìtàn ọ̀rẹ́ méjì náà ò ṣàjèjì. Àgbẹ̀ ni wọ́n, oko wọn kọjú síra, ọ̀nà kan ló là á láàárín. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn débi pé aṣọ kan náà ni wọ́n ń wọ̀. Èṣù gba ojú ọ̀nà náà kọjá pẹ̀lú fìlà tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ dúdú, tí ẹ̀gbẹ́ kejì ní àwọ̀ mìíràn. Ọ̀kan ní ẹni tó kọjá dé fìlà dúdú, èkejì ní irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di ìjà, ọ̀rẹ́ bàjẹ́.

Bí ọ̀pọ̀ ìwé ṣe tẹ ìtàn yìí nìyẹn, wọ́n á wá fi kún un pé ẹ wo ìkà Èṣù. Ẹ bi àwọn àgbà awo léèrè, wọ́n á fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kún un fún yín: àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ti dáfá sí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ wọn, Ifá ní kí wọ́n rúbọ kí ọ̀rẹ́ náà lè pẹ́, wọ́n ní ọ̀rẹ́ tó dùn tó báyìí, kí la fẹ́ fi ẹbọ ṣe sí? Tí wọ́n bá gé apá yìí kúrò, Èṣù á di onírògbòdìyàn tí kò nídìí. Tí apá yìí bá wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ á yí padà. Ọ̀rẹ́ tí kò lè gbọ́ pé ẹnì kejì òun rí ohun tí òun ò rí, ó ti ní àrùn nínú tẹ́lẹ̀. Èṣù kò dá àrùn náà. Ó kàn gba àárín rẹ̀ kọjá ni.

Àwa náà ò fẹ́ fi oyin pa ọ̀rọ̀ yìí. Láti ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń sọ lójú òpó íntánẹ́ẹ̀tì pé Èṣù kì í ṣe Sàtánì, inú wa ń dùn. Òtítọ́ ni wọ́n ń sọ, òun ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Bolaji Idowu, tó jẹ́ oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì, ti tẹnu mọ́ nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè ní 1962, tó sì ṣàkíyèsí pé tí Èṣù bá jọ ẹnikẹ́ni nínú Bíbélì rárá, Sàtánì inú ìwé Jóòbù ló jọ, ẹni tó ń dán ìwà èèyàn wò, kì í ṣe ọ̀tá Ọlọ́run tó wà nínú Májẹ̀mú Tuntun. Ṣùgbọ́n a tún ń rí àwọn tó ń sọ Èṣù di bàbá àgbà onísùúrù tí kì í bínú. Ìyẹn náà ò rí bẹ́ẹ̀. Èṣù le. Ó ń bínú. Ẹni tó bá fi àdín síwájú rẹ̀ mọ ohun tó fà lẹ́sẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé líle rẹ̀ nídìí, ìdí náà sì ni ẹbọ àti ìwà.

Nítorí náà, ṣé a lè tan Èṣù jẹ? Ẹni tó ń mú ẹbọ lọ ló ń wo ọwọ́ ẹni tó ń rú u. Ẹni tó bá rò pé òun fi ọgbọ́n yẹ ẹbọ sílẹ̀, ara rẹ̀ ló tàn. Àlọ́ Dunstan kò lè di àlọ́ Èṣù, nítorí ohun tí Dunstan fi ṣẹ́gun, ìyẹn kí èèyàn gba ohun tó fẹ́ láìsan nǹkan kan, ni ohun tí Èṣù kì í gbà.

ORÍṢÌÍRÍṢÌÍ ORÚKỌ LÓKÈ ÒKUN

Tí ẹnì kan bá ṣì rò pé Èṣù jọ "devil" látìbẹ̀rẹ̀, kó wo ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó sọdá òkun. Ní Bràsíìlì, àwọn àlùfáà Àgùdà pe Exu ní Diabo, bí Crowther ti ṣe nílé. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ère Exu nínú ẹ̀sìn Umbanda pupa, wọ́n sì ní ìwo. Nínú Candomblé, síbẹ̀, Exu náà ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe ìpàdé fún kí orò tó bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀nà lè là. Ní Kúbà, òrìṣà kan náà, tí wọ́n ń pè ní Eleguá, ẹni tí wọ́n fi wé nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni Jésù ọmọdé, Niño de Atocha, tó gbé agbọ̀n oúnjẹ àti ọ̀pá arìnrìn-àjò dání.

Òrìṣà kan, ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà kan náà: níhìn-ín Bìlísì, lọ́hùn-ún ọmọ mímọ́. Ará Kúbà wo ẹni tó ń ṣí ọ̀nà tó sì ń ṣeré bí ọmọdé, ó fi wé ọmọdé. Àlùfáà Bràsíìlì wo ẹni tó ń dánni wò, ó fi wé adánniwò. Ọ̀kankan wọn ò gbé odindi Èṣù. Ẹ̀gbẹ́ fìlà tó kọjú sí oníkálùkù ló rí. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ṣé kì í ṣe ìtàn ọ̀rẹ́ méjì là ń wò yìí?

OHUN TÍ A RÒ PÉ Ó YẸ KÍ A ṢE

Ọ̀rọ̀ tó ti wọ Bíbélì fún ohun tó lé ní ogóje ọdún kò lè jáde lọ́jọ́ kan, kò sì sí lọ́wọ́ wa láti tún ìwé ẹlòmíràn kọ. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́wọ́ wa kò kéré.

Èkíní, ẹnikẹ́ni tó bá ń túmọ̀ àlọ́ tàbí ewì bí ti Flight fún ìwé yìí, tàbí fún àwọn ọmọ wa nílé ẹ̀kọ́ Ifá, kó lo Bìlísì tàbí Sàtánì. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ti di ti Yorùbá, ọmọdé gbọ́ wọn, wọn kò sì pa ẹnikẹ́ni lára nínú ilé wa.

Èkejì, ẹni tó bá ń gba ìtàn Èṣù sílẹ̀ lẹ́nu àgbà kó má gé ẹbọ kúrò nítorí pé ó gùn. Ẹbọ ni egungun ẹ̀yìn ìtàn náà. Bí a bá yọ ọ́, a ti bá àwọn tó ń bà á jẹ́ ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹta, ká jẹ́ kí ọmọ wa gbádùn àlọ́ alágbẹ̀dẹ. A ò ní kí wọ́n má sọ ọ́. Ọmọ tó mọ Ògún á fẹ́ràn rẹ̀ ju ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lọ: àgbẹ̀dẹ, ẹwìrì, ẹ̀mú, irin tó pọ́n, irin tí wọ́n kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà kí ibi má wọlé, gbogbo rẹ̀ á yé e. Kó rẹ́rìn-ín Bìlísì títí tí inú á fi máa dùn ún. Tó bá wá bi bàbá rẹ̀ pé, "Bàbá, ta ni tiwa tí wọ́n tàn báyìí?", kí bàbá rẹ̀ jókòó, kó sọ ti aya Ikú fún un, kó sì fi hàn án ẹni tó gbé ẹbọ ọjọ́ náà.

Ọ̀dàrà á bá wa gbé ẹbọ wa dé ibi tó ń lọ. Kí ẹbọ fín, kí ẹbọ dà. Àṣẹ.